Ìyá ọkọ mi ń rù, àwọn ará ilé ní ebi ni mò ń fi pa wọ́n

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ọkọ mi ló máa ń ra tiyín, tó bá kà á tán èmi á wá gbà á wo ojú ewé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, torí oúnjẹ ni mò ń tà jẹun. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn lórí àrùn ìgbàgbé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní dìmẹ́ńṣíà, kò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó kọ ọ́ ní sísanra ló ń fà á, pé àgbàlagbà tó bá ti lé ní 70 ọdún, kó tètè dín oúnjẹ kù kó lè jò, kí iyè ẹ̀ má bàa ra. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn, òótọ́ ni. Ìdajì kejì lè pa èèyàn, mo sì lẹ́nu láti sọ ọ́ torí inú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀.

Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí n'Íbàdàn, ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń se àmàlà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi, Màmá là ń pè wọ́n, wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní 2019 lẹ́yìn tí bàbá ọkọ mi kú. Aṣọ òkè ni wọ́n ń tà nígbà tí ara ṣì le. Àwọn tó bá mọ̀ wọ́n nígbà yẹn á sọ fún yín, Màmá ò kéré o, tí wọ́n bá jókòó sórí àga, àga á mọ̀ pé èèyàn jókòó. Òrùka ìgbéyàwó wọn ti há sọ́wọ́ débi pé nígbà tí bàbá kú tí wọ́n fẹ́ bọ́ ọ, ọṣẹ la fi pa ìka, a fi òróró pa á, kò jáde, ìgbà tó yá Màmá ní ẹ fi sílẹ̀ jàre, á bá mi dé sàárè.

Kò tíì pé ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, a ń jẹun alẹ́ lọ́jọ́ kan, mo kàn gbọ́ tí nǹkan dún gbì nínú àwo ọbẹ̀ Màmá. Òrùka yẹn ni. Ó yọ bọ̀rọ́ sínú ewédú láìsí pé ẹnikẹ́ni fà á. Màmá fi ìka méjì mú un jáde, wọ́n wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, wọ́n wá bi mí pé, "Ìyàwó, ta ló ni èyí?" Ọkọ mi dìde kúrò nídìí oúnjẹ, ó lọ dúró sí bálíkónì. Èmi ni mo fọ òrùka náà, mo so ó mọ́ etí gèlè mi.

Ká tó wá mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, ojú mi rí màbo. Ẹ rò ó wò ná, ìyàwó tó jẹ́ pé oúnjẹ ló ń tà, tó ń bọ́ bírikìlà, tó ń bọ́ awakọ̀, ìyá ọkọ ẹ̀ wá ń rù lójú gbogbo ayé, kí lẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn wí? Egungun ọrùn yọ, ẹ̀gbà ọwọ́ ń ṣubú, ìró tí wọ́n máa ń ró lẹ́ẹ̀kan wọ́n wá ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀, tí àlejò bá dé, Màmá á ní àwọn ò tíì jẹun láti àná, nígbà tí àwo ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ṣì wà nínú básíà. Ará ilé kejì wa kan sọ ọ́ síta gbangba pé ìyàwó tó ń bọ́ gbogbo Mọ́kọ́lá ni ebi ń pa ìyá ọkọ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà, Bọ̀ọ̀dá, wọkọ̀ wá láti Èkó, wọ́n pe ìpàdé ẹbí, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé owó oúnjẹ ni ò sí ni, kẹ́ ẹ sọ fún wa?" Mo kúnlẹ̀, mi ò lè fèsì. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo ń gbé oúnjẹ fún wọn? Ta ló máa gbà?

Oúnjẹ ọ̀hún, wọ́n ń gbà á o. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Wọ́n á bu òkèlè, wọ́n á mú un dání, wọ́n á máa wo tẹlifíṣọ̀n, òkèlè á gbẹ lọ́wọ́. Ẹran, wọ́n á jẹ ẹ́ títí, wọn ò ní gbé e mì, bí ẹni tó gbàgbé èyí tó kàn. Lọ́jọ́ tí mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mọ́ínmọ́ín mẹ́rin ni mo bá lábẹ́ ìrọ̀rí, tewétewé, èèrà ti bò ó. Ìgbà yẹn ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn tí mo sunkún.

Ẹni tó gbà mí kalẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ kì í ṣe dókítà, télọ̀ ni. Ìyá kan ní Òkè-Àdó ló ti ń rán aṣọ fún Màmá láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní nótíbúùkù ńlá kan tó ti gbó, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tiẹ̀, ó sì máa ń kọ ọdún àti òde tí wọ́n ń rán aṣọ fún sí ẹ̀gbẹ́ wíwọ̀n. Mo gbé bùbá mẹ́ta lọ fún un pé kó bá mi gba á wọlé, ló bá ṣí ìwé, ló ní "Ìyá ti ń jò ọjọ́ pẹ́ o, ìyàwó." Mo ní ọjọ́ pẹ́ báwo? Ó fi hàn mí. Ní 2012, aṣọ ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin, àyà 46, ìdí 50. Ní 2015, àyà 44. Ní 2017, 41. Aṣọ òkú bàbá ní 2019, àyà 38, ìdí 41. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Gbogbo ìgbà yẹn, Màmá ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń sè jẹ, wọ́n ṣì ń ka owó aṣọ òkè láìsí àṣìṣe, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Télọ̀ tiẹ̀ ní òun rò pé wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ ni, òun máa ń kí wọn kú oríire. Òótọ́ sì ni, gbogbo wa la kí wọn, a ní Màmá ti ń di ọmọge padà. Mo ya fọ́tò ojú ewé yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá. Wọn ò fèsì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Fọ́tò yẹn náà ni mo fi han dókítà nígbà tá a dé ọsibítù, ọmọdébìnrin kan tí mo lè bí. Màmá gun síkéèlì, kílò 49. Kò kàn sọ pé àrùn ìgbàgbé ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o, ó ní àgbàlagbà tó bá ń rù, nǹkan tó lè fà á pọ̀, ó ní ká yẹ ṣúgà wò, ká yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, ká wo ẹnu torí eyín, ó bèèrè bóyá inú ń bí wọn tàbí wọ́n ń banú jẹ́ látìgbà tí bàbá kú. Ìgbà tó ṣe gbogbo ẹ̀ tán, tó bi Màmá láwọn ìbéèrè tiẹ̀, ló tó wá dá wa lóhùn. Ó tún wá wo ìwé télọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ká ní gbogbo èèyàn ní irú ìwé yìí ni, iṣẹ́ àwọn ì bá rọrùn. Ó ní àìsàn yìí ti wà nínú ọpọlọ lọ́jọ́ tó ti pẹ́ kó tó fojú hàn, òun ló sì ti ń jẹ kílò lára wọn díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n rù ni wọ́n fi ń ṣarán, kì í sì í ṣe ìyàwó ló fi ebi pa wọ́n. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán, lọ́jọ́ yẹn ni mo tó sùn dáadáa.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ mi gan-an rèé o. Ọmọ mi obìnrin ń ka ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ní yunifásítì, òun ló bá mi tú u palẹ̀, torí mo ní mo fẹ́ mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ó ní ní London, wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 sí 55, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1985, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn lọ. Wọ́n gbé èsì kan jáde ní 2018 lẹ́yìn ọdún 28. Ẹni tó bá sanra àsanjù nígbà tó wà ní 50 ọdún, àrùn ìgbàgbé fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un ní ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò sanra. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé 60 ló wà tàbí 70 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tó sanra, wọn ò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀ mọ́. Wọ́n tún wá rí i pé àwọn tí àrùn náà padà mú, kílò wọn ti ń lọ sílẹ̀ láti bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú kí dókítà tó sọ ọ́. Ọdún mẹ́jọ! Ẹ lọ wo ìwé télọ̀ mi kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀.

Ohun tó ń da orí àwọn èèyàn rú nìyẹn. Ìwádìí míì wà tó jáde ní 2015, ti ìlú Ọba náà ni, ìwé ìtọ́jú èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì ni wọ́n wò, tiwọn wá ní àwọn tó tín-ín-rín jù ni àrùn ìgbàgbé ń mú jù, pé àwọn tó sanra gan-an ni kì í mú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn òyìnbó gbé e, inú àwọn oníkùn ńlá dùn. Ó di 2018 kí àwọn kan tó kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ, èèyàn mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ àìmọye, kí wọ́n tó já kókó ẹ̀ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n ló ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n èèyàn ní 20 ọdún ṣáájú àìsàn, ìsanra ni ewu. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n nígbà tí àìsàn ti ń bọ̀ lọ́nà, ẹni tó ń rù lẹ máa bá, torí àìsàn ti ń jẹ ẹ́. Nǹkan kan náà ni, ẹ̀yìn àti ojú ẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Kẹ́ ẹ má ba à ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mò ń kó wá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Ìdíkàn. Ilé bàbá ọkọ mi wà ní Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Íbàdàn níbí, àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì máa ń sọ ọ́ pé láti 1992 ni àwọn kan láti Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wá láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá àwọn tó ti pé 65 ọdún sókè. Ìyá bàbá ọkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n bi. Wọ́n á sọ ìtàn kúkúrú kan fún wọn, wọ́n á ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n á na nǹkan sí wọn pé kí lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ní ìyá yẹn dá wọn lóhùn pé ṣé àlọ́ lẹ wá pa fún mi ni àbí ẹ wá kí mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó kú ní 1995, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Hendrie ti Yunifásítì Indiana l'Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àti àwọn yòókù sì bá a lọ. (Osuntokun yìí náà ló ti tọpa àìsàn kan tó ń mú ẹsẹ̀ àti ojú àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960 dé ìdí ẹ̀gẹ́ tí oró inú ẹ̀ ò jáde tán. Èmi tí mò ń ra láfún, mo máa ń rántí wọn tí mo bá ń rò ó.)

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi àwọn ará Ìdíkàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà, bíi 2,500 níbí, ó lé ní 2,000 lọ́hùn-ún. Èsì ẹ̀ jáde ní 2001. Nínú ẹgbẹ̀rún àgbà ní Ìbàdàn, bíi 13 ni àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan. Ní Indianapolis, bíi 32. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn èèyàn yìí, ìran kan náà la ti ṣẹ̀ tẹ́ ẹ bá wò ó lọ sẹ́yìn, kódà jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó máa ń kó àwọn òyìnbó sí wàhálà ìgbàgbé, ó pọ̀ dáadáa lára àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò, síbẹ̀ kò ṣe wọ́n tó bó ṣe ń ṣe àwọn ará ibòmíì. Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ò búra o, àmọ́ wọ́n rí i pé àwọn ará Ìdíkàn fúyẹ́ ju àwọn ará Indianapolis lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kéré, àtọ̀gbẹ wọn kéré, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, oúnjẹ wọn sì jẹ́ iṣu, ọkà, ẹ̀fọ́, ẹja díẹ̀, ọ̀rá ò pọ̀ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé à ń fi àwọn àgbà tó ń ṣarán pa mọ́ ni, pé ìdí tí iye tiwa fi kéré nìyẹn. Ó lè wà níbẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ, ẹ ò lè fi ìyá àgbà pa mọ́ fún ẹni tó wọlé wá bá a lórí ẹní.

Àwọn oníwàádìí yìí náà ló tún wá padà sọ pé ní Ìbàdàn níbí, àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ń ru ni àrùn ìgbàgbé ń mú ju ẹni tí tiẹ̀ ò ru lọ, pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n, àwọn tí iyè wọn padà ra ni kílò wọn ń lọ sílẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní Ìdíkàn o! Ká ní mo mọ èyí lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ níwájú Bọ̀ọ̀dá ni, ǹ bá dìde.

Ẹ má wá rò pé àwa tòní ṣì ń jẹ oúnjẹ Ìdíkàn ìgbà yẹn o. Èmi tó ń tà á ni kẹ́ ẹ bi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á ní kí n gbé àmàlà méjì wá, ẹran kan, kí n jẹ́ kí ewédú pọ̀. Nísinsìnyí ẹran ló máa kọ́kọ́ kà, ṣàkì méjì, fùkù kan, ẹ̀dọ̀, àbọ̀dì, ẹran líle, á ní kí n bá òun wá epo ojú ọbẹ̀ wá, ewédú ò ju ṣíbí kan lọ, á wá fi ẹlẹ́rìndòdò tútù lé e, á gun ọ̀kadà lọ sí ibi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn ará Ìdíkàn wọ̀nyẹn ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà, igbá á wà lórí. Oníbàárà tèmi, tí ikùn ẹ̀ bá ti ń yọ ní 45 ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á ní owó ti ń dé, ara ẹ̀ ti balẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ orí tí sísanra ti ń ba ọpọlọ jẹ́ gan-an la ti ń fi yin èèyàn, ìgbà tó bá wá di 75 tó ń rù, tó yẹ ká sáré, a máa ní ó ti ń di ọmọge, tàbí ká ní ìyàwó ló ń fi ebi pa á. Àfi bí ẹni pé wọ́n fún wa ní òṣùwọ̀n, a wá dorí ẹ̀ kodò.

Bí sísanra ṣe ń dé ọpọlọ, bí dókítà ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, kò le. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà tí kò lọ sílẹ̀ ló ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín-ín inú ọpọlọ jẹ́, àwọn kan á dí, àwọn kan á le, ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ á máa kú díẹ̀díẹ̀, èèyàn ò ní mọ̀ títí di ọjọ́ kan. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣe tiẹ̀. Ní 2024, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nínú Lancet, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn kan, to nǹkan 14 jọ tó ń fa àrùn ìgbàgbé tó sì ṣeé yí padà, wọ́n ní tá a bá lè mú gbogbo ẹ̀ kúrò, bíi 45 nínú 100 ẹ̀ la lè dènà tàbí ká sún un síwájú. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ, ìsanra àsanjù, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, jíjókòó sójú kan, sìgá, ọtí àmujù, títí dórí etí dídi àti ojú tí kò ríran dáadáa. Ọmọ mi pe àkíyèsí mi sí nǹkan kan, oúnjẹ fúnra ẹ̀ kò sí nínú 14 yẹn. Ẹnu ọ̀nà àwọn yòókù ló ń gbà wọlé.

Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń ta oògùn oníhóró àti àgbo inú ike pé ẹ jẹ ẹ́, ìgbàgbé á lọ. Ní 2023, wọ́n gbé èsì ìdánwò kan jáde l'Amẹ́ríkà, èèyàn 604 tí wọ́n sanra díẹ̀ tí àrùn yìí sì wà nínú ìdílé wọn, wọ́n fún ìdajì wọn ní oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní MIND, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, èso, ẹ̀pà, odidi ọdún mẹ́ta. Iyè wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n kàn ní kí wọ́n dín oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ kù. Àmọ́ ní Finland, ní 2015, àwọn tí wọ́n fi oúnjẹ tó dáa pọ̀ mọ́ eré ìdárayá, títọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti lílo ọpọlọ, tiwọn dáa ju ti àwọn tí wọn ò ṣe é fún lẹ́yìn ọdún méjì. Kì í ṣe ewé kan ṣoṣo ló ń se ọbẹ̀, èmi alásè ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá padà sórí ìdajì ọ̀rọ̀ tiyín tí mo ní ó lè pa èèyàn. Lẹ́yìn tí Bọ̀ọ̀dá ti gbà pé kì í ṣe ebi, wọ́n wá fò sí òdìkejì. Fídíò kan tí wọ́n rí lórí WhatsApp ló ní ọ̀rá ló ń di ọpọlọ, kí wọ́n yọ ẹyin, ẹran, epo àti mílíìkì kúrò nínú oúnjẹ àgbà, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ bíbọ̀ àti omi ewúro. Wọ́n fi fóònù pàṣẹ fún wa. Ìfẹ́ ìyá wọn ló mú wọn ṣe é, mi ò lè bá wọn jà, àmọ́ ẹ rí i, ẹni tó ní mò ń fi ebi pa Màmá tẹ́lẹ̀ ló wá ní kí n máa fi ebi pa wọ́n. A ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kílò 49 di 46. Màmá ò lè dìde láti orí ṣálángá láìjẹ́ pé wọ́n dì mọ́ ògiri, wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí egungun tó dá. Dókítà tá a padà lọ bá, inú bí i, ó ní ta ló ní kẹ́ ẹ máa fún ẹni 79 ọdún tó ń rù ní ẹ̀fọ́ lásán? Ọkọ mi wolẹ̀.

Ó ní kí n máa fún wọn ní nǹkan tó lágbára nínú ìwọ̀nba tí wọ́n bá lè jẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi wá dé o. Ògì wọn, mo ń lọ sóyà àti ẹ̀pà mọ́ ọn, mo ń po mílíìkì sí i. Ẹyin, mo ń fọ́ ọ sínú mọ́ínmọ́ín. Ẹja, mo ń yọ egungun ẹ̀, mo ń rún un sínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Eyín àtọwọ́dá wọn ti fẹ̀ jù torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti rù, a tún òmíì ṣe. Àwo funfun tí mo fi ń gbé ẹ̀kọ fún wọn, mo ṣàkíyèsí pé ṣe ni wọ́n máa ń wò ó bí ẹni tí kò rí nǹkan nínú ẹ̀, mo bá pààrọ̀ ẹ̀ sí àwo búlúù, lọ́jọ́ yẹn gan-an wọ́n jẹ ẹ́ tán. Mi ò gbé oríṣi méjì síwájú wọn mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń da orí wọn rú. Mo sì ń jókòó tì wọ́n, èmi náà á máa jẹ tèmi, tí wọ́n bá rí mi tí mo bu òkèlè, àwọn náà á bù, torí ọwọ́ wọn rántí nígbà tí orí wọn ò rántí. Nígbà tá a tún gun síkéèlì, kílò 50. Ìgbàgbé ò lọ o, mi ò ní parọ́ fún yín, òrùka ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣì ń pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú. Àmọ́ wọ́n ń dìde fúnra wọn.

Nítorí náà, Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ nínú ìwé yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó hàn bí ti àkọ́kọ́ ṣe hàn, kì í ṣe nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó. Àwọn tó wà ní 40 sí 60 ọdún ni kẹ́ ẹ máa pariwo ọ̀rá àti ikùn sí, kí wọ́n lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò. Àgbà tó lé ní 70, ẹni tí dókítà tiẹ̀ bá ní kó jò nìkan ni kó jò, èyí tó bá ń rù láìsí pé ó gbìyànjú ẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ ọsibítù, kì í ṣe kí wọ́n pe ìpàdé ẹbí lé ìyàwó lórí. Bọ̀ọ̀dá ti bẹ̀ mí o, kẹ́ ẹ má rò pé mò ń fẹjọ́ wọn sùn, Kérésì tó kọjá ni wọ́n gbé síkéèlì tuntun wá fún Màmá láti Èkó. Àwọn ló kọ́kọ́ gùn ún, kílò 104, gbogbo wa dákẹ́.

Èmi náà lọ sọ́dọ̀ télọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún aṣọ ẹbí kan. Mo ti pé 51. Ó na téèpù yí mi ká, ó ní àyà 45, ìbàdí 43, ó fẹ́ pa ìwé dé. Mo ní kó dúró ná, kó kọ déètì sí i.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alámàlà,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.